Egungun Ẹnu Tó Di Egungun Etí

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí. Ohun náà ni pé kì í ṣe egungun tuntun tó ṣàdédé hù ló mú kí àgbọ̀n àti etí ènìyàn, ti ajá àti ti òkété yàtọ̀ sí ti alángbá. Egungun àtijọ́ ló pààrọ̀ iṣẹ́.

Ẹ fi ìka kan síwájú ihò etí yín, kí ẹ sì ya ẹnu kí ẹ tún pa á dé. Ohun tó ń yí lábẹ́ ìka yẹn ni oríkèé àgbọ̀n. Nínú gbogbo ẹranko afọ́mọlọ́mú, egungun kan péré ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Òun ló gbé eyín dání, òun náà ló sì lọ kan agbárí níbi oríkèé yìí. Nínú etí lọ́hùn-ún, tí kò jìnnà síbẹ̀, egungun mẹ́ta wẹ́wẹ́ so kọ́ra, wọ́n ń gba ìró lọ́wọ́ awọ etí, wọ́n sì ń gbé e wọnú. Ti alángbá kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun bíi mélòó kan ló para pọ̀ di ẹ̀gbẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá tí kò ní eyín lára ló sì di oríkèé mú. Nínú etí rẹ̀, egungun kan ṣoṣo ló ń gbé ìró. Ohun tó dín nínú àgbọ̀n wa nìyẹn, ohun tó lé nínú etí wa náà nìyẹn. Ìbéèrè tó kàn ni bóyá ọ̀ràn méjèèjì tan mọ́ra.

Ní ọdún 1837, onímọ̀ ará Jámánì kan, Carl Reichert, fara balẹ̀ wo ọlẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Ó rí i pé ara ìdí egungun rírọ̀ tó gba inú àgbọ̀n kọjá ni èkíní nínú egungun etí mẹ́ta náà, èyí tó fara ti awọ etí, ti ń jáde. Ìkejì ń ti ibi tí egungun rírọ̀ náà ti kan agbárí jáde. Ibi méjèèjì yìí gan-an ni egungun oríkèé àgbọ̀n alángbá ti ń jáde. Ẹ má gbàgbé pé ọdún 1859 ni ìwé Darwin lórí orírun àwọn ẹ̀dá jáde. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé Reichert ń wá ohun tí yóò fi gbe Darwin lẹ́yìn. Ọmọ opossum, ẹranko Amẹ́ríkà tó ń bí ọmọ rẹ̀ ní kíkéré jọjọ, tún fi kún ẹ̀rí náà. Nígbà tí wọ́n bí i, oríkèé àgbọ̀n tiwa kò tíì yọ lára rẹ̀ rárá, àwọn egungun tí yóò di ti etí ṣì so mọ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé bí ọlẹ̀ ṣe ń dàgbà kì í ṣe ìtàn ìran. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ lọ wo àwọn egungun tó ti di òkúta. Dimetrodon, tí wọ́n wú jáde ní Texas, gbé ayé kí àwọn dáínásọ̀ tó dé, ó lé ní mílíọ̀nù 270 ọdún sẹ́yìn, ìbátan àwọn baba ńlá wa ló sì jẹ́. Egungun tó gbé eyín rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n àwọn ti ẹ̀yìn àgbọ̀n ṣì ki dáadáa. Nígbà tó fi máa di nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 ọdún sẹ́yìn, tí Thrinaxodon ń gbé ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, egungun eléyín ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú àgbọ̀n, àwọn ti ẹ̀yìn sì ti rù. Àlàfo ẹ̀yìn ojú tí iṣan ìjẹun ń gbà kọjá ti fẹ̀ sí i, iṣan náà sì ti di egungun eléyín mú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àtakò tó le jù ni èyí: bí oríkèé bá kúrò lára egungun méjì lọ sára òmíràn, báwo ni ẹranko tó wà láàárín yóò ṣe jẹun? Ẹni tó ń tún ilé tó ń gbé kọ́ kì í dí ilẹ̀kùn àtijọ́ pa kó tó la tuntun, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọdún 1949, Walter Kühne fún Morganucodon lórúkọ, ẹranko kan tí kò ju eku kékeré lọ, tí wọ́n rí egungun rẹ̀ ní Wales. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù 200 ọdún. Oríkèé méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní apá kọ̀ọ̀kan àgbọ̀n rẹ̀, ti àtijọ́ àti tuntun. Diarthrognathus ti Gúúsù Áfíríkà náà ní méjèèjì. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹranko kankan wà láìní oríkèé.

Àwọn mìíràn á béèrè pé kí ni àǹfààní egungun tó ti rù, tí kò sì tíì di ti etí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn àgbọ̀n ti fara kan ọ̀nà ìró láti ìbẹ̀rẹ̀: nínú àwọn ìbátan wa àtijọ́, egungun oríkèé tó wà lára agbárí ti kan egungun etí kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Egungun tó fúyẹ́ sì máa ń tètè gbọ̀n ju èyí tó wúwo lọ, nítorí náà bó ti wù kí ìrù náà kéré tó, etí jèrè. Yanoconodon, tí wọ́n kéde ní ọdún 2007 láti ilẹ̀ Ṣáínà, fi èyí hàn kedere. Àwọn egungun etí rẹ̀ ti jọ tiwa, síbẹ̀ egungun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣì so wọ́n mọ́ àgbọ̀n.

Ó ku ẹ̀rù pé oríkèé tó ń rù yóò fọ́ nígbà tí ẹranko bá ń jẹun. Ní ọdún 2018, Stephan Lautenschlager àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò agbára tó ń wọ oríkèé àgbọ̀n àwọn ẹranko wọ̀nyí. Wọ́n rí i pé bí ara wọn ṣe ń kéré sí i ló mú kí ẹrù orí oríkèé náà dín kù. Kíkéré ara ni kò jẹ́ kí oríkèé náà fọ́.

Ìdájọ́ mi ni pé ẹni tó bá ń béèrè ohun tí ẹ̀yà ara kan wà fún lónìí nìkan, ìdajì ìdáhùn ni yóò rí gbà. Ó yẹ kó tún béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ bàọ́lọ́jì, nígbà tí ẹ bá dé orí ẹ̀kọ́ etí, ẹ má fi àwòrán inú ìwé nìkan kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ẹ gbé agbárí alángbá àti ti ewúrẹ́ sórí tábìlì kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn ka egungun àgbọ̀n méjèèjì.