Ìsinmi Ọdún Kì Í Ṣe Ti Ọlọ́rọ̀ Nìkan

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

  

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni a sábà máa ń sọ níbí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ìsinmi ni a mú wá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í lo lífù rẹ̀ rárá. Àwọn kan ń tà á fún ọ̀gá. Àwọn mìíràn ń gbà á, wọ́n á tún fi ọjọ́ náà wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ọmọ wá ń dàgbà nínú ilé, ohùn bàbá rẹ̀ lóru nìkan ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ṣe ní ọdún 1974, tí a ṣì ń lò, sọ ní apá 18 pé òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣe oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ láìdáwọ́ dúró ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6, pẹ̀lú owó iṣẹ́ rẹ̀ ní pípé. Ẹni tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 16, títí kan ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ọjọ́ 12 ni tirẹ̀. Òfin kan náà ló kà á léèwọ̀ kí agbanisíṣẹ́ san owó dípò ìsinmi yìí fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. A lè sún un síwájú bí tọ̀tún tòsì bá fohùn ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá oṣù 24. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ojú rere ni ọ̀gá ń ṣe fún òun nígbà tó bá ra lífù lọ́wọ́ òun. Ọjọ́ 6 sì ni ìpìlẹ̀. Níbi tí àdéhùn ẹgbẹ́ bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àdéhùn náà ni kí a dì mú.

Ìjà ló mú ìsinmi wá fún òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1936, àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó pa sínú ilé iṣẹ́. Òfin fún wọn ní ọ̀sẹ̀ 2 pẹ̀lú owó. Ní ọdún kan náà, wọ́n dín owó ọkọ̀ ojú irin kù fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kó ìdílé rẹ̀ lọ sinmi.

Ẹ̀yin awakọ̀ yóò wí pé, “Ta ni yóò sanwó fún àwa?” Òótọ́ ni. Ẹni tó ń jíṣẹ́ owó fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí kò bá jáde, kò sí owó. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àjọ ni lífù rẹ̀. Ẹ sì bá olówó ọkọ̀ sọ ọ́ ṣáájú: ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ yóò wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì fún àtúnṣe ńlá, ni kí awakọ̀ fi sinmi pẹ̀lú ẹbí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan owó. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti fò sókè. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2024 kò ju 70,000 náírà lọ. Ṣùgbọ́n ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ẹni tó bá dá 500 náírà lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50 yóò kó 25,000. Bí ìyàwó náà bá dá tirẹ̀, ó di 50,000. Nígbà tí ẹ bá kó o, owó ọkọ̀ àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, kí ẹ tó yọ ti àlọ, oúnjẹ àti ti ohun àìròtẹ́lẹ̀.

Àṣà wa ni láti lọ sílé nígbà Iléyá tàbí Kérésì. A kò ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ni owó ọkọ̀ ń gbówó lórí jù, aṣọ tuntun àti ẹ̀bùn ń béèrè owó, ọ̀pọ̀ sì ń padà wálé pẹ̀lú gbèsè. Ẹ gbìyànjú oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé. Ẹ ránṣẹ́ sí ará ilé ṣáájú, kí ẹ sì gbé gàrí, ẹ̀wà àti iṣu dání, kí wíwá yín má baà di ẹrù fún wọn.

Ẹni tí kò lè lọ jìnnà, kó lọ nítòsí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ lè kó ọmọ lọ sí Ọ̀yọ́ láàárọ̀, kí wọ́n rí Ààfin láti ìta, kí wọ́n dé ọjà Akẹ̀sán, kí wọ́n wo àwọn tó ń fín igbá, kí wọ́n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ará Ọ̀yọ́ lè lọ sí Ìbàdàn: ọgbà ẹranko wà ní Yunifásítì, Ọgbà Agodi wà níbẹ̀, ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936 sì wà lórí Òkè Àrẹ. Àwọn tó bá fẹ́ lọ sí ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ní oríkò rẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ nípa ọ̀nà àti ààbò.

Àbá wa rèé fún ẹ̀ka yìí. Kí olúkúlùkù kọ ọjọ́ lífù rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní, kí akọ̀wé fún ọ̀gá ní ẹ̀dà rẹ̀. Kí ìdílé mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ háyà ọkọ̀ ńlá kan ní ọjọ́ Sátidé, kí ọmọ ẹgbẹ́ wa tó sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà wà á, kí a má há èrò mọ́ra, kí a má sì rin ìrìn òru.

Iṣẹ́ kò ní tán láé. Ọmọdé ni kì í pẹ́ dàgbà. Ẹ lo ohun tí òfin fún yín.