Níbo Ni A Ti Lè Rí Dókítà Ohun Tí Ara Kọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé sọ ní ìpàdé oṣooṣù, ẹ̀ka Kánò

Alága ní kí a sọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí a ń wá dókítà fún ọmọ wa obìnrin, nítorí ó ti tó ìdílé mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí tí wọ́n wá bi wá léèrè ọ̀nà. Àwa kì í ṣe dókítà. Ọjà ni a ń tà, ìwé ẹgbẹ́ ni a ń kọ, ìwé mẹ́fà péré ni a sì kà. Ohun tí a rí ni a óò sọ.

Ní ọdún 2018, ọmọ náà jẹ súyà lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí a tó palẹ̀ àwo mọ́, ètè rẹ̀ ti wú, ara rẹ̀ ti lé, ó ń yún un, ohùn rẹ̀ sì ti há. Àwọn aládùúgbò ní májèlé ni, wọ́n da epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹlòmíràn ní èèwọ̀ ìdílé ìyá rẹ̀ ni. Ọlọ́run ló yọ wá: oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan gbé wa dé ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, nọ́ọ̀sì sì gún un ní abẹ́rẹ́ adrenaline ní itan kíákíá. Ẹ jọ̀wọ́, bí ọ̀fun bá há tàbí èémí bá ń le, ọjọ́ náà kọ́ ni à ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n dókítà kiri. Ibi tó súnmọ́ jù lọ ni kí ẹ sáré lọ.

Wọ́n fún wa ní oògùn, a lọ sílé. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kí ọdún tó yí po. Lẹ́ẹ̀kan wọ́n ní ibà ni.

Ìgbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè dókítà àlẹ́jì. A wo pátákó títí, a kò rí ọ̀kan. Ó pẹ́ kí ó tó yé wa pé àwọn dókítà tó fi èyí nìkan ṣe iṣẹ́ kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn mìíràn ló pín iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tí ọyẹ́ bá dé tó ń sín láti òwúrọ̀ dálẹ́, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni tirẹ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń fọn bí fèrè, dókítà àyà ni. Ẹni tí ara rẹ̀ ń lé, dókítà awọ ara ni. Ọmọdé ní dókítà ọmọdé. Àwọn wọ̀nyí wà ní ilé ìwòsàn ńlá Aminu Kano níbí, àti ní Shíkà ní Zaria. Kàdúná ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún etí, wọ́n sì ń wo imú níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ tààrà bí a ti lọ. Wọ́n dá wa padà, ọjọ́ ọjà kan sì ṣòfò. Ọ̀dọ̀ dókítà gbogbogbòò ni a ti kọ́kọ́ ń gba káàdì, òun ni yóò kọ lẹ́tà tí yóò gbé yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù lọ ni ìwé kan tí a kọ sí ẹ̀yìn ìwé owó ẹgbẹ́ (kí Akápò má bínú). A kọ ọjọ́, aago, ohun tí ọmọ jẹ, ìṣẹ́jú mélòó kí ara tó lé, àti oògùn tí a lò. Dókítà kà á, ó ní: “Ata súyà yìí, kí ló wà nínú rẹ̀?” A ní yàjì ni. Ó ní kúlíkúlí lílọ̀ wà nínú yàjì, ẹ̀pà sì ni kúlíkúlí. A tún ìwé náà wò: dọ̀ńkwà ló jẹ lẹ́ẹ̀kejì, kílíshí lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó ní kí a má fún un ní Piriton fún ọ̀sẹ̀ kan kí àyẹ̀wò má baà tàn wá. Nígbà tí a padà, ó kán omi oríṣiríṣi sí apá rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ojú ti ẹ̀pà fi wú. Nínú Kánò yìí kẹ̀, níbi tí òkè àpò ẹ̀pà ti ga bí ilé láyé àwọn bàbá wa!

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ní kí ẹ di ẹ̀rọ mú lọ́wọ́, tí wọ́n á wá ka ogójì oúnjẹ léèwọ̀ fún yín. Ẹni tó jẹ nǹkan tí kò ṣe é ní ohunkóhun, ara rẹ̀ kò kọ̀ ọ́. Ti oògùn ló burú jù: ìyàwó ọ̀kan nínú wa lo Septrin, awọ ara rẹ̀ bó. Sulpha ló wà nínú rẹ̀, ó sì wà nínú Fansidar pẹ̀lú. Ó ti kọ ọ́ sí pépà báyìí, ó fi sínú àpò owó rẹ̀, ó sì ń fi han oníkẹ́míìsì kí ó tó ra ohunkóhun.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun kọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó wá sí ìsọ̀ wa lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ó sì mú páálí gbogbo oògùn tó ti lò dání. A kò gba owó.