Ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn tó ń tọ́jú àgbà



Àgbà tó ń gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, tó ń jáde lóru tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe é. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè. Àwọn dókítà ti wádìí ẹ̀ nílẹ̀ wa níbí. Ní Djidja, wọ́n yẹ àgbà 502 wò, àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè: nínú ọgọ́rùn-ún, bí ẹni 3 ló ní in. Ní Cotonou, bí ẹni 4.

Ta ló ń tọ́jú wọn? Ìyàwó ilé, ọmọ, ọmọ-ọmọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Wọ́n á máa bá àgbà jiyàn, wọ́n á tì í mọ́lé, àárẹ̀ á mú àwọn náà. Bẹ́ẹ̀ OMS ti gbé ẹ̀kọ́ iSupport jáde láti 2019 fún irú wọn: bí a ṣe ń fi sùúrù bá aláìsàn sọ̀rọ̀, bí olùtọ́jú náà ṣe ń rí ìsinmi.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ mẹ́ẹ̀rì Bantè ò pọ̀: kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn máa kọ́ àwọn olùtọ́jú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní èdè wa. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè èyí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tó bá wá kan orí àgbà, àwa ọmọ ló yẹ ká gbé e ró.