Àròpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ wa tó fẹ́ ṣe JAMB

Àwọn ọmọ wa tó ń múra JAMB ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan wà nínú ìṣirò tí kò le, àmọ́ tó máa ń mú ọmọ tó gbọ́n: average.

Average ò ju pé ká kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ká pín in dọ́gba. Torí náà, tí wọ́n bá ti fún yín ní average, àròpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń ta gàrí lọ́jà ọrọọrún. Lọ́jà mẹ́rin, average tó tà jẹ́ àpò 8. Ó fẹ́ kó di 9 tó bá ná ọjà karùn-ún tán. Àpò mélòó ni yóò tà lọ́jọ́ náà? Ọ̀pọ̀ ọmọ á ní 10, torí pé 9 ló wà láàárín 8 àti 10. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjà kan ò lè wúwo tó ọjà mẹ́rin.

8 lọ́nà 4 jẹ́ 32. 9 lọ́nà 5 jẹ́ 45. Ẹ pe èyí tí a ò mọ̀ ní x: 32 + x = 45. Ẹ yọ 32 kúrò, x jẹ́ 13. Ọjà mẹ́rin àkọ́kọ́, ìkọ̀ọ̀kan jẹ gbèsè àpò kan. Ọjà karùn-ún ló máa san gbèsè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á tún mú 9 tirẹ̀ wá.

Ìbéèrè 180 ni JAMB, wákàtí 2 péré: ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú ọ̀nà níbẹ̀ ti pẹ́.

Ìṣirò yìí kan náà ló ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní UI nìyí: wọ́n á pín máàkì JAMB sí 8, wọ́n á pín ti post-UTME sí 2, wọ́n á wá rò ó pọ̀. Ọmọ tó gba 240 nínú 400 ti ní 30. Tó bá fẹ́ 65, ó ku 35, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ gba 70 nínú 100. Tó bá gba 60 níbẹ̀, 60 náà ló máa parí sí. Nítorí náà, kí ẹni tó gba 240 má tíì jókòó gbẹ̀fẹ́ o.

Ẹ̀yin òbí, tí oko ò bá pe ọmọ, ẹ má jẹ́ kí fóònù pè é.

Iṣẹ́ àṣetiléwá rèé: average ọjọ́ orí ọmọ 6 jẹ́ 15. Ọ̀kan kúrò, average àwọn tó kù di 14. Ọmọ ọdún mélòó ló kúrò? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ìdáhùn sórí group, kí ẹ sì kọ bí ẹ ṣe ṣe é. Ẹni tó bá sọ pé 16, kó padà lọ wá àròpọ̀.