Kí Ló Dé Tí Sípíkà Ṣì Ń Kùn?

Ọ̀rọ̀ iná la fẹ́ sọ lónìí.

Ilé ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ohùn, ìbéèrè kan ò sì yé wọlé: "Mo ti ra stabilizer, kí ló dé tí sípíkà mi ṣì ń kùn?"

Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. 230 volt ló yẹ kí iná ilé jẹ́ ní Nàìjíríà. Bó bá lọ sílẹ̀, stabilizer á gbé e sókè. Bó bá ga jù, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kíkùn kì í ṣe àìsàn tó ń wò.

Kíkùn sábà máa ń wá láti ọ̀nà wáyà earth, pàápàá bí kọ̀ǹpútà bá wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, tí sípíkà wà ní òmíràn. Ẹ kó wọn sórí extension kan ná. Bó bá jẹ́ orí inverter nìkan ló ti ń kùn, ẹ yẹ inverter náà wò: èyí tí kì í ṣe pure sine wave sábà máa ń da ohùn rú.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ yọ wáyà earth dànù. Lóòótọ́, ó lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iná bá kan irin ara ẹ̀rọ yẹn, ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa gbà kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ̀mí ṣáájú ohùn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.