Ọjọ́ Tí Tẹlifíṣọ̀n Kọ́kọ́ Tàn ní Ìbàdàn



Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìrántí ọjọ́. Ọmọ tí a bí lásìkò ọdún ń jẹ́ Abíọ́dún. Èyí tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé. Àwọn àgbà Ẹ̀gbá a sì máa fi Ogun Adúbi tí ó jà ní ọdún 1918 ṣírò ọjọ́ orí wọn. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni kí á di ọjọ́ kan mú nínú kàlẹ́ńdà, kí á ní ọjọ́ báyìí ni a bí òṣèré báyìí, tàbí pé ọjọ́ báyìí ni eré báyìí kọ́kọ́ wáyé. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo dájú. Dúró Ládiípọ̀, àgbà òṣèré tí ó gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963, ni àpẹẹrẹ. Àwọn ìwé kan ní ọdún 1926 ni a bí i. Àwọn mìíràn ní 1931 ni.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà nínú ìtàn eré àti ìdárayá ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà ni Sátidé, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Arábìnrin Aníkẹ̀ẹ́ Agbájé-Williams ni ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn òǹwòran rí ojú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìjà ọ̀rọ̀ ni ó bí ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1953, Anthony Enahoro dá àbá nílé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Nígbà tí wọn kò jẹ́ kí àbá náà lọ, àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ bínú jáde. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó dá wọn lẹ́bi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì. Wọn kò gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá gbà pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbà tí òfin ọdún 1954 fún àwọn ẹkùn láṣẹ láti dá ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tiwọn sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ó bá ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan, Overseas Rediffusion, dá òwò pọ̀, WNTV sì dé. Ìjọba náà tún ṣèlérí pé tẹlifíṣọ̀n yóò ran àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́, nítorí olùkọ́ kò tó nígbà náà.

Kókó kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ fi tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà. Ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé WNTV ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ti wà ní Mòrókò ní ọdún 1954, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tí ó fi dáwọ́ dúró. Ó sì ti wà ní Àlùjíríà ní 1956. Àkọ́kọ́ láàrin àwọn orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú ni ti Ìbàdàn. Iyì yìí tó iyì. Kò nílò àbùmọ́. Ẹni tí ó bá fi irọ́ kún ògo ara rẹ̀, ọjọ́ tí a bá já irọ́ náà, a ó máa ṣiyèméjì nípa òótọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti eré, inú gbọ̀ngàn, inú ṣọ́ọ̀ṣì àti gbàgede ọba ni àwọn òṣèré ti ń pàdé òǹwòran tẹ́lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wá gbé wọn wọ yàrá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, Ṣẹ́gun Olúṣọlá darí eré Wọlé Ṣóyínká kan, My Father's Burden, eré àkọ́kọ́ tí a kọ fún tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà. Láàrin àwọn ọdún 1960 ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, pẹ̀lú àwọn Aláwàdà rẹ̀ wá sọ WNTV di ibi ẹ̀rín. Dúró Ládiípọ̀ náà sì fi Bọ́dé Wásinmi dá àwọn ará Ìbàdàn lára yá. Níbi tí ẹnìkan ṣoṣo bá ti ní ẹ̀rọ náà ládùúgbò, ojú fèrèsé rẹ̀ a kún fọ́fọ́ fún ọmọ aládùúgbò.

Níbo ni àwọn eré ìgbà náà wà? Ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán sílẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun, owó rẹ̀ kò sì ṣeé sún mọ́. Ojú-ẹsẹ̀ ni òṣèré ń ṣeré, ojú-ẹsẹ̀ ni eré náà sì ń lọ bí èéfín. Nítorí náà, ìrántí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá kò yẹ kí ó mọ sí orí orúkọ àti ọdún nìkan. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé lójú fèrèsé nígbà náà ti di arúgbó. Inú wọn ni ohun tí ó ṣẹ́kù nínú eré wọ̀nyẹn wà: orin tí a kọ, aṣọ tí a wọ̀, ẹ̀fẹ̀ tí ó pa àwọn òbí wọn lẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sí irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà lọ́dọọdún, kí ó béèrè, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ, ìlú àti ọjọ́ sí i. Ọgbọ́n ìtàn nìyẹn. Bí a bá dúró títí ọ̀la, ẹni tí à bá bi léèrè lè ti lọ.