Ẹ Jẹ́ Kí Orin Náà Wà Nínú Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìlú Jos

  

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ ní ṣókí lórí ẹ̀kọ́ gíga. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo fọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ wa yóò kọ kí wọ́n tó lè gba nínú owó tí a ń dá lónìí, mo rí i pé iṣẹ́ dókítà wà níbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìṣirò owó wà níbẹ̀. Orin kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, orin ni n ó sọ.

Bí a bá gbọ́ pé ọmọ kan gba B.A. nínú orin, a ó ní ó dára. Bí ó bá tún ní òun fẹ́ padà lọ gba M.A., ariwo yóò sọ. Baba kan nínú wa, tí kò ní bínú sí mi nítorí n kò ní dárúkọ rẹ̀, pè mí sí ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gba ìwé ìwọlé. Ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi bi í: Àyàn wo ni ó lọ sí yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lè lu ìlù?” Ìyá ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè gidi ni baba yìí bi. Àyàn kò nílò M.A., òótọ́ ni. Ẹni tí ó fẹ́ kọrin gba owó ní òde àríyá kò nílò rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ó lọ ra ẹ̀rọ, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. M.A. orin wà fún ẹni tí yóò kọ́ ẹlòmíràn, tí yóò sì kọ ohun tí etí gbọ́ sílẹ̀, kí ó má baà bá ẹni tí ó ni ín wọ ilẹ̀ lọ.

Èyí tí mò ń sọ kì í ṣe oyè tí a fi ìwádìí nìkan gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì, yóò ṣe ìdánwò nínú ìtàn orin, ìtúpalẹ̀ orin, orin ilẹ̀ Áfíríkà àti ọ̀nà ìṣèwádìí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ ìwé gígùn kan. Ibi tí ó máa ń le jù ni kíkọ ohùn sílẹ̀. Wọn yóò gbé ìlù tí a ti gbà sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, wọn yóò ní kí ó kọ ọ́ sí orí ìlà márùn-ún tí àwọn Òyìnbó fi ń kọ orin. Ìyáàlù yóò sọ gbólóhùn kan, ohùn rẹ̀ yóò yọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kò dúró lórí ìlà, kò sì dúró ní àárín ìlà méjì. Níbo ni yóò kọ ọ́ sí? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lórí ìlù ìṣẹ́jú méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin ìsìn tí a túmọ̀: ohùn orin Òyìnbó ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ sì di ọkọ́ mọ́ wa lẹ́nu. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Èkó, ti kọ̀wé lórí bí ohùn ọ̀rọ̀ wa ti ń bá orin rìn láti 1953. Àwa tí à ń kọ ọ́ ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi kò tilẹ̀ fiyè sí i mọ́.

Ẹ má rò pé àjèjì ni ọ̀rọ̀ yìí sí ìlú tí a wà. Ní Jos níbí ni a bí Ayọ̀ Bánkólé ní 1935. Baba rẹ̀ ni ó ń tẹ dùrù ní St. Luke's. Ó kàwé ní Guildhall ní London, ó lọ sí Cambridge, ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba kí ó tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà tí ó kú ní 1976. (Ní Cambridge, ẹni tí ó bá ti gba B.A. níbẹ̀ a máa gba M.A. lẹ́yìn ọdún mélòó kan láìtún jókòó sí kíláàsì. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn tan ọmọ wa. Òógùn ojú ni wọ́n fi ń gba tiwa.) Akin Euba, tí a bí ní ọdún kan náà, gba M.A. tirẹ̀ ní Los Angeles ní 1966, ó sì di ọ̀mọ̀wé ní Legon ní 1974. Dùndún ni ó gbájú mọ́. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìlù náà jáde ní 1990. Àwọn wọ̀nyí ní láti rìn jìnnà. Lónìí, Nsukka wà, tí ó ti dá ẹ̀ka orin sílẹ̀ láti 1961. Ifẹ̀ wà, Ìbàdàn sì wà.

Èmi fúnra mi pẹ́ kí n tó lọ. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. N kò ní sọ ibi tí mo lọ. Ibi mọ́kànlá ni kò dún mọ́ lára dùrù tí wọ́n fún wa lò. Olùkọ́ tí yóò ka ìwé mi rin ìrìn-àjò, kò fi mí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọdún kan ààbọ̀ tí wọ́n ṣèlérí di ọdún mẹ́rin. Ẹ sì mọ̀ pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ wà: ní 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni yunifásítì ìjọba fi wà ní títì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ọmọ pé kí ó tó san kọ́bọ̀, kí ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó tẹ dùrù wọn wò. Kí ó béèrè ẹni tí yóò ka ìwé rẹ̀, kí ó sì béèrè ìgbà tí ẹni náà ka ti ẹni tí ó ṣáájú tán.

Síbẹ̀ n kò kábàámọ̀. Ẹkún ìyàwó ni mo kọ ìwé mi lé lórí. Mo gba ohùn ìyá mẹ́fà sílẹ̀ ní ìlú yìí, àwọn tí òbí wọn bá ọkọ̀ ojú irin àti iṣẹ́ kùsà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ Haúsá wà nínú ẹkún wọn. Ìyá kan dágbére fún baba rẹ̀ ní Yorùbá, ó dágbére fún ọjà ní Haúsá, ohùn rẹ̀ kò sì yẹ̀. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Olùkọ́ mi kọ́kọ́ ní ẹkún náà ti bàjẹ́. Mo ní kò bàjẹ́, Jos ni ó dé. Nínú àwọn ìyá mẹ́fà yìí, ẹnìkan ṣoṣo ni ó kù. Òun ni ó jókòó ní iwájú yìí, tí ó wé gèlè aláwọ̀ ewé. Ẹ bá mi kí i.

Téèpù mẹ́rìnlá ni ohùn wọn wà nínú rẹ̀, àwọn téèpù náà sì ti ń gbó. Ojú mi kò ríran tó mọ́ láti kọ èyí tí ó kù sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni ọmọ tí mo sọ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Kò ní sọ ọ́ di olówó, mo ti sọ fún un. Pẹ̀lú M.A., ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní yunifásítì, tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni; bí ó bá fẹ́ gòkè, yóò tún kàwé sí i. Ó ní òun gbọ́. Ìwé ìwọlé rẹ̀ kò ní ju ìparí oṣù yìí lọ bí a kò bá san owó.

Ní àná mo kọ orúkọ mi sínú ìwé ìdáwó, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ti orin ni. Akápò wa ní kò sí àyè fún irú rẹ̀ nínú ìwé òun. Mo bẹ Alága kí wọ́n bá wa fa ìlà kan síbẹ̀. Bírò wà lọ́wọ́ mi.